Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́rin wo Paris: físà, ọkọ̀, mùsíọ́ọ̀mù àti ibi tí owó ti ń jò

ArìnrìnÀjò_Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo ní. Físà akẹ́kọ̀ọ́ UK tó wà lọ́wọ́ mi di Oṣù Kínní 2027 kó tó parí. Ọmọ ọdún 24 ni mí. Mo fẹ́ kúrò ní Leeds ní ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Kẹfà 2026, kí n lọ wo Paris, kí n sì padà ní ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹfà. Gbogbo owó tí mo ní fún un kò ju £400 lọ, físà wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe, ibo sì ni owó ti máa ń jò?

Baba_Físà

Àbúrò, físà ni orí ọ̀rọ̀ yìí. Físà UK kò lè gbé ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà wọ France. Físà Schengen, èyí tó bo ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí France wà lára wọn, ni wàá gbà, irú C, ti ìbẹ̀wò ráńpẹ́.

Orí ìkànnì France-Visas ni wàá ti kọ fọ́ọ̀mù, kí o tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí o tó wá mú ọjọ́ tí wàá yọjú sí TLScontact, ilé iṣẹ́ tó ń bá France gba ìwé físà. London, Manchester àti Edinburgh ni ọ́fíìsì wọn wà. Manchester ló sún mọ́ ọ jù. Wọ́n lè gba ìwé rẹ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, kò sì gbọdọ̀ ku ọjọ́ tó dín sí 15. Láàárín ọjọ́ 15 ni èsì sábà máa ń jáde, ṣùgbọ́n òfin gbà wọ́n láàyè títí dé ọjọ́ 45. Nítorí náà, má fi ọjọ́ 15 yẹn ṣírò. Nígbà tí oòrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ràn ní UK ni gbogbo ayé máa ń rántí Paris, àyè á sì ti tán ní Manchester. Lọ mú ọjọ́ tìrẹ lónìí.

Owó físà jẹ́ €90. Òfin yọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ fún ẹ̀kọ́ kúrò nínú owó yìí, ìwọ sì ń lọ wo ìlú, nítorí náà wàá san án. TLScontact náà á gba owó iṣẹ́ tirẹ̀ lé e. Bí wọn ò bá fún ọ ní físà, owó ọ̀hún ti lọ nìyẹn.

Àwọn ìwé tí wàá kó dání: ìwé ìrìnnà tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, tí yóò ṣì ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí o máa kúrò ní Schengen, tí ojú ewé méjì sì ṣófo nínú rẹ̀, fọ́tò 35 sí 45 mìlímítà, ẹ̀rí pé o ń gbé UK, èyí tí í ṣe share code (nọ́ńbà tí ẹlòmíràn fi ń yẹ físà rẹ wò) láti inú eVisa rẹ, ìyẹn físà UK orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà yunifásítì tó sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni ọ́, tó sì sọ ìgbà tí ẹ̀kọ́ rẹ máa parí, àkọsílẹ̀ àkáǹtì báńkì oṣù mẹ́ta, ibi tí wàá sùn, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, àti ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò tó bo ìtọ́jú àìsàn tó €30,000 ó kéré tán ní gbogbo orílẹ̀-èdè Schengen. Wo ọjọ́ orí ìnṣọ́ránsì yẹn dáadáa. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 nígbà tí o fẹ́ wọlé ní ọjọ́ 5, wọ́n á dá a padà.

Físà UK pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí o bá jáde ní Schengen. Tìrẹ di Oṣù Kínní 2027, kò séwu. Ibẹ̀ ni àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí ẹ̀kọ́ ti máa ń kọsẹ̀.

Ní ti owó, ohun tí France ń béèrè ni €65 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bí o bá ti san òtẹ́ẹ̀lì, €120 bí o kò bá tíì ní ibùsùn. Ọjọ́ mẹ́rin tìrẹ jẹ́ €260. Kò pọ̀ rárá. Ohun tí ń dá wàhálà sílẹ̀ ni kí àkáǹtì gbẹ fún oṣù méjì ààbọ̀, kí £2,000 sì já wọ inú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí o fẹ́ lọ yọjú. Wọ́n mọ owó àyálò tí wọ́n bá rí i. Bí ó bá jẹ́ pé òbí ló fi owó ránṣẹ́ lóòótọ́, kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kí o sì fi ẹ̀rí tì í.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Kí n fi díẹ̀ kún ti Baba. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ lo fẹ́ sùn, lẹ́tà lásán kò tó. Ẹni tó gbà ọ́ lálejò ní láti lọ sí mairie (ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀) àdúgbò rẹ̀, kí ó gba ìwé tí wọ́n ń pè ní attestation d'accueil. €30 ni owó rẹ̀, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ojúlówó ìwé yẹn ni wọ́n ń béèrè, ẹ̀dà orí WhatsApp ò ní dé ibì kankan. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé owó tí wọ́n ń béèrè á já sí €32.50 lóòjọ́. Fún alẹ́ mẹ́ta péré, họ́sítẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbà kí èèyàn fagi lé lọ́fẹ̀ẹ́ ló rọrùn jù. Má san owó tí kò ní padà kí físà tó jáde.

Mo tún fẹ́ kí o mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú tó bọ́ sáàárín ọjọ́ tí o dárúkọ yẹn ni ìdíje tẹ́níìsì Roland-Garros ń parí. Ibùsùn á wọ́n. Wá a nísinsìnyí.

Ojú_Irin

Ẹ jẹ́ ká dé orí ọkọ̀. Leeds sí King's Cross ní London ni wàá wọ̀; ìta ibẹ̀ ni St Pancras wà, títì kan péré lo máa sọdá. Eurostar, rélùwéè tó ń gba abẹ́ òkun lọ France, láti St Pancras sí ibùdókọ̀ Gare du Nord ní Paris jẹ́ nǹkan bíi wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú. Aago Paris fi wákàtí kan ṣáájú ti London, aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Bí o bá rí 9:30 sí 12:50, má rò pé wákàtí mẹ́ta ó lé ni. Nígbà àbọ̀, ìdàkejì ni. Ibẹ̀ lẹni tó gbàgbé láti yí aago rẹ̀ padà ti ń pàdánù ọkọ̀.

Ṣíṣe tíkẹ́ẹ̀tì àti àyẹ̀wò ẹrù nìkan kọ́ ni wàá ṣe ní St Pancras. Àwọn ọlọ́pàá ẹnubodè France wà níbẹ̀, London ni wọ́n ti máa yẹ ìwé ìrìnnà rẹ wò kí o tó wọ France. Ìlànà tuntun EES, tí wọ́n fi ń kọ ìwọlé àti ìjáde àlejò sílẹ̀ ní Schengen, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 12 Oṣù Kẹwàá 2025 ti wà nílẹ̀: wọ́n á ya fọ́tò ojú rẹ. Ìka rẹ tí wọ́n tẹ̀ nígbà físà ti wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí owó kankan lórí EES o, ẹni tó bá ní kí o san nǹkan fún un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbájúẹ̀ ni. Bákan náà, ẹni tó ní físà kò nílò ETIAS, ìyẹn ìwé àṣẹ ìrìn-àjò ti àwọn tí kò nílò físà.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ tó gbéra ni wọ́n ń ti géètì. Fún ara rẹ ní wákàtí kan ààbọ̀. Bí rélùwéè Leeds bá pẹ́ ńkọ́? Tíkẹ́ẹ̀tì tí o rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Eurostar lè sọ pé kò kan òun. Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní London International CIV. Ní kántà ibùdókọ̀, béèrè fún un. Ó so ìrìn-àjò rẹ pọ̀ mọ́ Eurostar, bí ti Leeds bá pẹ́, wọ́n lè gbé ọ sínú ọkọ̀ mìíràn. Ó lè wọ́n ju tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó tí èèyàn ń rà ṣáájú, nítorí náà fi iye méjèèjì wé ara.

£400 yẹn máa há díẹ̀ bí ó bá jẹ́ Eurostar lo fẹ́ wọ̀ lọ, tí o fẹ́ wọ̀ ọ́ bọ̀. Bọ́ọ̀sì láti Victoria Coach Station kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni, wọ́n á sì jí ọ lóru ní ẹnubodè. Bí mo bá ní kí n yàn fún ọ: Eurostar ní àlọ kí ọjọ́ Ẹtì má baà ṣòfò, bọ́ọ̀sì ní àbọ̀.

ArìnrìnÀjò_Leeds

Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé mo lè gbé oúnjẹ dání? Mo rò ó pé kí n se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata díndín sínú ike kí n lè dín owó kù.

Ojú_Irin

Ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹran, rárá. Láti ìgbà tí UK ti kúrò ní EU, ẹni tó bá ń ti Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ kò gbọdọ̀ gbé ẹran tàbí wàrà wọlé, ìbáà jẹ́ sísè. Adìyẹ inú ata díndín, kílíṣí, sáńwíìṣì ham, yọ́gọ́ọ̀tì, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú òfin yìí. Ẹja kò sí nínú èyí. Ẹja gbígbẹ tàbí ẹja díndín lè wọlé. Fi ẹja se é.

Métro_Ligne4

Mo ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ inú ìlú, nítorí owó ń jò gidi níbẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì kékeré onípépà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Navigo Easy ni káàdì tí wàá rà, €2, o sì lè ra tíkẹ́ẹ̀tì sórí fóònù náà. Iye rẹ̀ láti Oṣù Kínní 2026: métro (ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀), RER (èyí tó ń dé ẹ̀yìn ìlú) àti rélùwéè jẹ́ €2.55 lẹ́ẹ̀kan, ibi yòówù tí o bá ń lọ ní agbègbè Paris. Bọ́ọ̀sì àti tram jẹ́ €2.05, pápá ọkọ̀ òfúrufú jẹ́ €14. Ọ̀tọ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì métro, ọ̀tọ̀ ni ti bọ́ọ̀sì. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ nínú métro tí o sì wọ bọ́ọ̀sì, òmíràn lo máa san.

Káàdì kan, èèyàn kan. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, ẹ ra méjì. Má sì jù ú sísàlẹ̀ àpò, torí àwọn alábòójútó máa ń dúró sí ọ̀nà tí o máa gbà jáde, ẹni tí wọ́n bá mú láìní tíkẹ́ẹ̀tì tó tọ́, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n á ní kó san owó ìtanràn. Wọn kì í gbọ́ pé àlejò ni mí.

Gbogbo ènìyàn máa ń gbà akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn pé kó ra Navigo ọ̀sẹ̀ kan, €32.40. Fún ìwọ, ìmọ̀ràn burúkú nìyẹn. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àìkú ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọjọ́ méje láti ìgbà tí o rà á. Bí o bá dé lọ́jọ́ Ẹtì, ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n á tà fún ọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tí o ń lọ. Káàdì ọjọ́ kan jẹ́ €12.30, o ní láti wọ ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ kó tó mówó padà wá. Ìwọ kò ní wọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀, àárín Paris kò tóbi. Ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá sórí Easy, bó bá tán kí o fi kún un.

Ibùsùn: wá èyí tó sún mọ́ laini 4. Gare du Nord wà lórí rẹ̀, Château Rouge wà lórí rẹ̀, Cité tí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Notre-Dame wà náà wà lórí rẹ̀. Ó máa gbé ọ dé mélòó kan nínú ibi tí o máa lọ láìsí pàṣípààrọ̀.

Abẹ́_Pírámíìdì

Àbúrò, ẹni tó yan ọjọ́ yẹn fún ọ mọ̀ ọ́n yàn. Ọjọ́ Ẹtì 5 yẹn ni ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọjọ́ Àìkú 7 sì ni ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́. Ọjọ́ méjèèjì ni ìlẹ̀kùn ọ̀fẹ́ ń ṣí ní àwọn mùsíọ́ọ̀mù kan.

Kọ́kọ́ gbọ́ ìdí tó fi ṣe pàtàkì. Gbogbo èèyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 26 kì í sanwó ní mùsíọ́ọ̀mù Paris. Ọmọ EU tàbí ẹni tó ń gbé ní agbègbè wọn ni wọ́n ń sọ. Ìwọ tó ń gbé UK pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Láti 14 Oṣù Kínní 2026, mùsíọ́ọ̀mù Louvre tún ti ya owó sọ́tọ̀: ará agbègbè wọn ń san €22, àwa tó ti òde wá ń san €32. (Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì pé ọdún 26 tó ń gbé France gan-an, tó ní ìwé ìgbéèlú níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni tirẹ̀, ọmọ ibi yòówù kó jẹ́.)

Ọ̀nà tìrẹ nìyí. Louvre máa ń ṣí di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ènìyàn, àfi Oṣù Keje àti Oṣù Kẹjọ. Gba àkókò rẹ sílẹ̀ lórí ìkànnì Louvre fúnra rẹ̀, torí ọ̀fẹ́ kò sọ pé wọn ò ní kún. Bí Eurostar rẹ bá dé kí aago mẹ́rin tó lù, wàá ráyè gbé ẹrù sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Má gbé àpótí lọ síbẹ̀, ohun tó bá ju 55 sí 35 sí 20 sẹ̀ǹtímítà kì í wọlé.

Wákàtí mẹ́ta péré lo ní, wọ́n sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í lé èèyàn jáde ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó tì. Má ṣe gbìyànjú láti rí gbogbo rẹ̀. Gba apá Denon lọ sókè: Victory ti Samothrace ni ère abìyẹ́ tí kò lórí tó wà lókè àtẹ̀gùn ńlá. Láti ibẹ̀ sí yàrá 711 tí Mona Lisa wà. Sẹ̀ǹtímítà 77 sí 53 ni àwòrán yẹn, kò ju fèrèsé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, ogunlọ́gọ̀ ló sì dúró níwájú rẹ̀. Wò ó, yí ẹ̀yìn rẹ padà, kí o wo ìgbéyàwó Kana tí Veronese kùn, tó gba gbogbo ògiri òdìkejì, tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Lẹ́yìn náà ni Raft of the Medusa ní yàrá 700. Bí àkókò bá ṣẹ́ kù, sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Richelieu, yàrá 227, òkúta òfin Hammurabi wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó bá kọjá rẹ̀ láì dúró, kí ó dá ìwé ẹ̀rí padà.

Ọjọ́ Àìkú: mùsíọ́ọ̀mù Orsay ọ̀fẹ́, Orangerie ọ̀fẹ́, quai Branly ọ̀fẹ́. O gbọ́dọ̀ gba àkókò sílẹ̀ fún Orsay. Ibùdó rélùwéè ni ilé yẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n kọ́ ọ fún àfihàn ńlá 1900, wọ́n sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù ní 1986. Gba àjà karùn-ún lọ tààrà kí ó tó kún, Monet, Renoir àti Degas wà lókè yẹn, kí o wá máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ_Kétu

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n lórí Orsay, àmọ́ má jẹ́ kí wọ́n fi Monet gba ọjọ́ Àìkú mọ́ ọ lọ́wọ́ pátá. Musée du quai Branly, lẹ́bàá odò Seine, nítòsí ilé gogoro Eiffel, ni àwọn iṣẹ́ ọnà Áfíríkà wà. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀ sí méje alẹ́ ni wọ́n ń ṣí. Bí o bá ń wá àwọn ère ọba Abomey, ní ilẹ̀ Dahomey àtijọ́: Ghézo, Glélé àti Béhanzin, wọn ò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun 26 tí àwọn ọmọ ogun ọ̀gágun Dodds kó ní 1892 ni France dá padà fún Bénin ní Oṣù Kọkànlá 2021. Ohun tó ṣẹ́ kù ṣì pọ̀. Wo ìwé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe orúkọ ohun náà nìkan: ọdún wo ló dé, ọwọ́ ta ló ti wá. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kékeré yẹn.

Bí o bá fẹ́ràn ìwé, ilé ìtàwé Présence Africaine wà ní rue des Écoles ní àdúgbò karùn-ún. Alioune Diop ló dá ìwé àtìgbàdégbà Présence Africaine sílẹ̀ ní 1947. Ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ ni ilé ìtàwé náà láti yunifásítì Sorbonne, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé dúdú ti ṣe ìpàdé ńlá wọn ní Oṣù Kẹsàn-án 1956. Ọjọ́ Àìkú kọ́ ni kí o lọ síbẹ̀ o, lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ìkíni. Àwọn ará wa tó ń ti UK bọ̀ máa ń sọ pé ará Paris ò lójú àánú. Wọ́n rìn wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye ọjà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láì kí ẹnikẹ́ni. Nílé wa ńkọ́, ṣé ẹni tó wọlé tí kò kí onílé máa rí ìdáhùn rere? «Bonjour madame», «bonjour monsieur», kí o tó sọ ohunkóhun, ìbáà jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Nírọ̀lẹ́, «bonsoir». Lẹ́yìn náà ni kí o béèrè bóyá wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wàá rí i pé ojú wọn á yàtọ̀.

ArìnrìnÀjò_Leeds

Ilé gogoro Eiffel ńkọ́? Mo rí Paris Museum Pass náà, káàdì kan tó ń gbani wọ ọ̀pọ̀ mùsíọ́ọ̀mù, ṣé kí n rà á?

Abẹ́_Pírámíìdì

Má ra Pass. Kò bo Eiffel, o ṣì máa gba àkókò sílẹ̀ fún Louvre bó o bá tilẹ̀ ní i lọ́wọ́, ohun tó sì máa jẹ́ kó lérè ni o ti fẹ́ rí lọ́fẹ̀ẹ́. Fi Carnavalet àti Petit Palais kún un lọ́jọ́ Àbámẹ́ta: mùsíọ́ọ̀mù ìlú Paris ni méjèèjì, àwọn ohun tí wọ́n ń fi hàn níbẹ̀ nígbà gbogbo jẹ́ ọ̀fẹ́ lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ṣí. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Orsay náà kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Louvre kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ní ti Eiffel, ayọ̀ wà fún ọ: ẹni ọdún 12 sí 24 ń san nǹkan bí ìdajì, láìka orílẹ̀-èdè sí. Mú ìwé ìrìnnà lọ́wọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì lífítì máa ń jáde lórí ìkànnì wọn ní ọjọ́ 60 ṣáájú. Fún ọjọ́ Àbámẹ́ta 6 Oṣù Kẹfà, 7 Oṣù Kẹrin ni kí o jí kùtù wò ó. Bí o kò bá rí i, gba àtẹ̀gùn. Àkàsọ̀ 674 ló dé àjà kejì, ẹsẹ̀ gúúsù ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ló sì rọjú jù. Bí ọkàn rẹ bá tún ń fẹ́ orí ṣóńṣó, o lè ra tíkẹ́ẹ̀tì lífítì tó kù ní àjà kejì.

Iná tí ń tàn yẹ́riyẹ́ri lára rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ní Oṣù Kẹfà, ilẹ̀ Paris kì í ṣú kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù. Àwọn tó dúró ní Trocadéro, gbàgede tó kọjú sí Eiffel, láti aago mẹ́jọ á kàn gbẹ sórí ìdúró ni. Lọ jẹun ná.

Notre-Dame: ọ̀fẹ́ ni. Iná jó o ní 15 Oṣù Kẹrin 2019, wọ́n tún un ṣí ní Oṣù Kejìlá 2024. O lè gba àkókò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì wọn láti ọjọ́ bíi méjì ṣáájú, o sì lè tò láì gba nǹkan kan. Ẹni tó bá ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé ṣọ́ọ̀ṣì yẹn fún ọ, owó rẹ ló fẹ́ jẹ. Owó wà lórí gígun òkè ilé ìṣọ́ rẹ̀, àkàsọ̀ 424.

Ààfin Versailles ńkọ́? Ọjọ́ kan gbáko ni. Fi sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Ẹ má gbàgbé àwọn gbájúẹ̀ o.

Ní Gare du Nord, ẹni tó bá wá bá ọ lẹ́bàá ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì pé òun fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́, òun á fi káàdì tirẹ̀ san, kí o fún òun ní owó: tíkẹ́ẹ̀tì lílò tẹ́lẹ̀ tàbí ti ọmọdé ló máa fún ọ. Lábẹ́ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì Sacré-Cœur, àwọn ọkùnrin máa ń so òwú mọ́ àlejò lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti so ó tán, ó di ọ̀ràn owó. Fi ọwọ́ méjèèjì sínú àpò, máa rìn lọ. Òmíràn á ju òrùka wúrà sílẹ̀ pé ṣé tìrẹ ni. Àwọn ọmọbìnrin tó gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ dání pé kí o buwọ́ lù ú, bí o ṣe ń kọ ọ́ ni ẹnìkejì wọn ń ṣí báàgì rẹ.

Àwọn afọwọ́rá métro kì í sábà gba nǹkan nígbà tí ọkọ̀ ń lọ. Ìgbà tí ilẹ̀kùn bá fẹ́ pa dé ni wọ́n ń já fóònù, tí wọ́n á sì fò jáde. Nítorí náà, má dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. 17 fún ọlọ́pàá.

Ọmọ_Kétu

Oúnjẹ: yẹra fún ilé oúnjẹ tó kọjú sí ibi ìrìn-àjò ńlá. Boulangerie (ilé búrẹ́dì) máa ń ní formule ọ̀sán, sáńwíìṣì pẹ̀lú ohun mímu àti nǹkan dídùn kan lápapọ̀. Ní ilé oúnjẹ, sọ pé «une carafe d'eau», omi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n máa gbé wá. Bí o bá kàn sọ pé omi, ìgò olówó ni. Owó iṣẹ́ ti wà nínú bíìlì, kò sí dandan kí o fi kún un.

Bí ọkàn bá fà sí ti ilé, Château Rouge ní àdúgbò 18. Ọjà rue Dejean àti àyíká rẹ̀ ní iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹja, ata rodo. Alloco ni wọ́n ń pe dòdò, attiéké jọ gaàrí tí wọ́n bu omi rẹ̀ tó sì tú, mafé ni ọbẹ̀ ẹ̀pà. Ẹni tó bá fẹ́ dirun, Château d'Eau ni, ibùdó métro lórí laini 4 kan náà. Àwọn tó ń dúró sẹ́nu métro á fà ọ́ lápá bí àgbèrò Ọ̀jọ́ta. Sọ iye owó kí o tó jókòó, kí o sì béèrè bóyá owó irun wà nínú rẹ̀.

Ojú_Irin

Àwọn nǹkan kéékèèké: ihò iná France kì í gba púlọ́ọ̀gì UK, ra ádápítọ̀ kí o tó lọ, ní ibùdókọ̀ ó máa wọ́n. Béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ fóònù rẹ bóyá wọ́n ń gba owó lóòjọ́ ní Yúróòpù. Bí ẹ̀rọ POS bá béèrè pé ṣé kí òun gba owó ní pọ́n-ùn tàbí yúrò, mú yúrò ní gbogbo ìgbà. Pọ́n-ùn tí wọ́n ń fi lọ̀ ọ́ yẹn, wọ́n ti fi èrè tiwọn sí i. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lẹ́bàá títì, tí wọ́n ń pè ní sanisette, jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ọjọ́ Ajé, kó ẹrù sí àpótí ìpamọ́ ní Gare du Nord tàbí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kí o fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí òkè Montmartre, kò jìnnà. Ṣọ́ọ̀ṣì Sacré-Cœur jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí o bá padà pẹ̀lú Eurostar, òkè ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò ní Gare du Nord, ọlọ́pàá France kọ́kọ́, lẹ́yìn náà òṣìṣẹ́ ẹnubodè UK. Kí o tó kúrò ní Leeds, wọ àkáǹtì UKVI rẹ (ti ilé iṣẹ́ físà UK lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), kí o rí i dájú pé nọ́ńbà ìwé ìrìnnà tó wà lọ́wọ́ rẹ gan-an ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ti gba ìwé ìrìnnà tuntun tí kò sì yí i padà níbẹ̀ ni wọ́n máa ń dá dúró nígbà àbọ̀. Ya fọ́tò eVisa náà sínú fóònù, kí o sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan, torí fóònù lè kú.

Baba_Físà

Àti pé bí ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Ajé yẹn bá bọ́ sí ọjọ́ ẹ̀kọ́ tàbí ìpàdé pẹ̀lú ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ, tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀ka rẹ nípa ímeèlì. Lẹ́tà tí wọ́n bá fi dá ọ lóhùn, fi kún ìwé tí o ń gbé lọ sí Manchester.